Lẹ́tà Tí Kò Dé Ọwọ́ Màmá: Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀bùnọlá Ọlọ́rundáre (1959–2025)

Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, lẹ́tà kan dé sí ilé Ilésanmí ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, láti ọwọ́ ọmọbìnrin ilé náà tó wà ní yunifásítì. Ẹni tó gbà á kò fi í jíṣẹ́. Ẹbí bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn olóògbé kò ṣeé kà láìdé ibẹ̀.

A bí Ẹ̀bùnọlá ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ọdún 1959 fún Jósẹ́fù Ilésanmí, àgbẹ̀ kòkó, àti Lucy aya wọn, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí. Elisha, tó kọ èyí, ni àkọ́bí. Ní ọdún 1966, Bàbá mú Elisha kúrò ní kíláàsì kẹrin lọ sí oko, wọ́n sì fi Ẹ̀bùnọlá sí ilé-ìwé. Elisha kò gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 1979, Ẹ̀bùnọlá wọ yunifásítì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí kókó yọ ní ọmú Màmá. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbé Màmá wá, dókítà ti dá ọjọ́ tí yóò yẹ̀ wọ́n wò. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń bèèrè bóyá Ẹ̀bùn ti ránṣẹ́. Wọ́n kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983. Ohun tí wọ́n sọ fún Ẹ̀bùnọlá ni pé Màmá kọ̀, pé wọ́n ní àdúrà ti tó àwọn.

Ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gabriel Ọlọ́rundáre, tíṣà, ní ọdún 1988. Dàda Estate ní Òṣogbo ni wọ́n kọ́lé sí.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Ó ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tí ebi bá ń pa máa ń jẹ ohun tó ti gbó nínú ara rẹ̀ kó má baà kú. Oore ni fún ara tó le. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà mọ̀ ọ́n ṣe: bí oògùn bá ká a mọ́, á jẹ lára ara rẹ̀, á sì yè. Bí wọ́n ṣe lè dí i lẹ́nu ni Ẹ̀bùnọlá ń wá.

Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fi ń ṣèwádìí ń gbé. Bí iná bá lọ, wọ́n lè kú. Bí fáànù ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dúró, á dìde. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í joyè Ìyá Ìjọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló jáde lọ pe Kifayat, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: “Ṣé ẹ ti tan jẹnẹrétọ̀?”

“Ó ti ń ṣiṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ lọ jókòó, ẹ gbọ́ ìwàásù.”

Lọ́dọọdún ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ní Ọ̀fàtẹ̀dó láti kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmú wò. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé, “Ìyá mi ló kọ̀. Ẹ̀yin ẹ má kọ̀.” Elisha jókòó níbẹ̀ nígbà kan, ó ń wo ilẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, lórí àìsàn ọkàn tó padà pa á, ó bèèrè: “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé lóòótọ́ ni Màmá kọ̀?”

Elisha ní, “Wọ́n kọ̀.”

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ló kú.

Ó fi ọkọ sáyé lọ, àti ọmọ méjì, Ìwàlẹwà àti Marvellous, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ̀gbọ́n náà ló ń ka èyí níwájú pósí.

Màmá kò kọ̀. Wọn kò gbọ́ rárá. Èmi Elisha ni mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ awakọ̀ tí Ẹ̀bùnọlá fi rán, tí mo tì í bọ inú àpótí irinṣẹ́ mi. N kò fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú mi kúrò ní ilé-ìwé tún máa pàṣẹ fún mi nínú ilé. Èmi náà ni mo purọ́ mọ́ Màmá.

Ẹ̀bùnọlá, sùn re. Bí o bá rí Màmá, sọ fún wọn pé Elisha ti jíṣẹ́.