Ìwé Kúróòmù Tí Mo Tìtorí Ojú Àlejò Fọwọ́ Sí

Mahlako, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé yín ní Pretoria. Kí Ọlọ́run àti àwọn baba wa tó ti sùn máa ṣọ́ ọ lójú títì. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi àti ọkàn mi tí kò balẹ̀. Màálù funfun wa ti bí akọ ọmọ. Ìyá rẹ ló ní ìròyìn ayọ̀ ni kí n fi ṣáájú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ń wa kúróòmù, òkúta dúdú abẹ́ ilẹ̀ wa yìí, pè wá sí àgbàlá olóyè. Wọ́n ní inú rẹ̀ ni ohun tí kì í jẹ́ kí ṣíbí dípẹtà ti ń wá, pé wọ́n ń wà á ní Tọ́kì àti ní Simbábúwè náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló pọ̀ sí jù, àti pé èyí tó kù ní èbúté àwọn ará Ṣáínà kò ní pẹ́ tán. Ẹ̀rù bà mí. Mo délé, mo ní kí ìyá rẹ máa rọra fọ ṣíbí wa.

Mo tún rántí pé òkúta dúdú yẹn ni baba baba mi fi mọ ògiri ọgbà màálù wa. Àbí àwa la fi ohun tí ayé ń wá pamọ́? Mo wọ ẹ̀wù kóòtù mi, mo lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Morongwa, ọmọ aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ lọ jẹun. Ògiri yín ò kún ọkọ̀ akẹ́rù kan."

Ṣùgbọ́n nígbà tó wo àwòrán ilẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tuntun àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gba àárín ọgbà màálù náà kọjá, níbi tí a sin baba mi sí. Ọ̀gá wọn bá mi wá sílé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó ní bí mo bá gbà kí wọ́n gbé sàréè náà kúrò, kí n máàkì "Bẹ́ẹ̀ ni", bí n kò bá gbà, "Bẹ́ẹ̀ kọ́". O mọ̀ pé nílé wa, a kì í kọ̀ fún àlejò lójú ara rẹ̀. A ó gbà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, lẹ́yìn náà la ó rán ẹnì kan lọ rọra sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo máàkì "Bẹ́ẹ̀ ni", mo sì bu ọtí ọkà bàbà fún un. Mo rò pé ó mọ̀ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ lásán nìyẹn.

Àfi bí Morongwa ṣe wá lánàá pé ìwé ti dé olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Johannesburg, pé bí a kò bá yí i padà kí ọjọ́ Ẹtì tó tán, katakata yóò dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní ṣé wọn ò retí ẹni tí n ó rán ni. Ó ní fọ́ọ̀mù kì í retí ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní, "Ẹ káre, Baba Mahlako. Ẹ bu ọtí fún katakata náà tó bá dé."

Ìwọ ni mo rán sí wọn ní Johannesburg. Ìwé mìíràn wà nínú àpòòwé tí awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá gbé fún ọ, mo ti fọwọ́ sí i. Kò sí ẹ̀kọ́ ilé kankan nínú rẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan ni. Sọ fún wọn pé bí ṣíbí bá wọ́n lóòótọ́, kí wọ́n wá kó òkúta ògiri mi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi baba mi sílẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra áṣáà tí n ó dà sórí sàréè baba mi láti fi tù ú lójú. Má fi gba inú fóònù ìyá rẹ o. Bátìrì rẹ̀ ti kú, n kò fẹ́ kí owó kú sínú rẹ̀.

Kí ẹni tí o fẹ́ lọ gbèjà rẹ̀ máa lọ níwájú rẹ, kí ẹnu rẹ mú, kí ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ wọ́n létí. Bí wọ́n bá fi tíì lọ̀ ọ́, ọmọ mi, má gbà á. Ibi ọ̀yàyà ni tèmi ti bàjẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tswaledi Maphutha