Ẹ Má Nà Mí

Ìyá Ìbejì, bá mi yọ̀! Dókítà àgbà fúnra ẹ̀ sọ pé ọgbọ́n orí mi ló gbà mí là.

Ẹ̀yìn mi tó gan, tó tẹ̀ síwájú yẹn, àìsàn ló ti so eegun ẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, kò lágbára mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo kàn yọ̀ lórí èérún pákó ní ṣọ́ọ̀bù, mo fìdí balẹ̀, eegun kán! Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi sáré dé, wọ́n fẹ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kí n lè tọ́. Mo pariwo: "Ẹ̀yin aláìmọṣẹ́! Pákó gbígbẹ tó lọ́, tẹ́ ẹ bá fipá nà án, ṣé kì í ṣẹ́ ni? Bí mo ṣe tẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ ṣe gbé mi lọ sílé ìwòsàn!" Dókítà ní ká ní wọ́n nà mí ni, arọ ni ǹ bá dà.

Wọ́n ti fi irin di eegun ẹ̀yìn náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn, tòsì ló ṣì ń ṣagídí. Wọ́n ní kí n sinmi fún oṣù mẹ́ta. Wọn ò mọ̀ mí ni.

Bá mi kí Màámi, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé mo ṣubú. Ilẹ̀kùn mẹ́fà péré ni mo ṣì jẹ oníbàárà mi, ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wá kó wọn.