Nurzat, Ta Ló Sọ fún Wọn pé Mò Ń Rán Kọ́tìnnì?

Sí ọmọ mi kan ṣoṣo, Nurzat,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o wà, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé òrùlé kan náà. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun, àbí tíì lásán lò ń mu kiri? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ìlú Bishkek yẹn rí ọ gbé ṣe. Èmi wà láàyè. Màlúù wà láàyè. Ẹṣin ń tiro díẹ̀, àmọ́ ó ń jẹun jù mí lọ, nítorí oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. N ò lè jókòó, n ò lè dìde. Bí mo bá jókòó, ara á máa ta mí, bí mo bá dìde, n ò ní mọ ibi tí mò ń lọ. Láàárọ̀ yìí mo ní kí n lọ pọnmi, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni mo ti bá ara mi, kòròbá ò sí lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìkélé ìyàwó ni. O ní kí n má da ara mi láàmú, pé ilé àríyá tí ẹ ti máa ṣe ìgbéyàwó ní èyí tí wọ́n fi ń háyà, pé wọ́n á ta á sí igun kan, wàá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí gbogbo ìyàwó wa ṣe ń jókòó, bó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ká a padà. Mo ní ó dáa. Kò dáa o, Nurzat. Aṣọ tí ìyàwó gbogbo ayé ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀! Ta ló mọ èyí tó fi nu omijé, ta ló mọ èyí tó fi nu imú?

Seyilkan ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti ra àrán pupa sílẹ̀ nígbà tí o ṣì ń rá kòrò. Ó ká a sínú àpótí, ó ní ọjọ́ tí o bá ń lọ sílé ọkọ lòun máa rán an. Ikú ò jẹ́. Mo bẹ àwọn obìnrin abúlé, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá wa ọ̀dùnkún tán. Ta ló fẹ́ dúró de ọ̀dùnkún? Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀, mo nu eruku ara rẹ̀, mo da òróró sí i, èmi fúnra mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Má rẹ́rìn-ín. Zamira, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Batma, ló bá mi ṣí obìnrin kan nínú fóònù, tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń rán kọ́tìnnì nílé. Mo kọ́kọ́ gbá ilé, mo dé fìlà mi tó dáa, kí obìnrin náà má baà rò pé ilé èèyànkéèyàn lòun wọ̀. Ó kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, èmi náà kí i, mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbéra ga díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní kó rọra, pé n ò tíì fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kò dá mi lóhùn. Zamira bá fi ìka tọ́ ọ lójú, ló bá dákẹ́, ó la ẹnu sílẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ fún màlúù lómi tí mo padà dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún Zamira pé bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń ṣe àlejò.

Ìlà àkọ́kọ́ lọ tààrà. Ìkejì náà ò burú. Nígbà tí mo ní kí n dìde, àrán bá mi dìde, ẹ̀rọ náà fẹ́ bá wa dìde. Mo ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mọ́ ọn! Zamira rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ṣé èmi náà fẹ́ bá ọmọ mi relé ọkọ ni.

Nígbà tí obìnrin inú fóònù parí, ó ní kí ẹni tó bá gbádùn iṣẹ́ òun tẹ àtàǹpàkò. Ojú tì mí láti kọ̀, lẹ́yìn tí mo ti fi ìyà jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò mi gan-an o, èyí tí wọ́n gba àmì rẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà ìdìbò! Kí ni mo tẹ̀ sí? Ṣé wọn ò ní wá fa màlúù lọ? Láti ọjọ́ náà ni fóònù ò ti jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ṣí i pé kí n mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀, kọ́tìnnì. Bí mo bá ní kí n gbọ́ ìròyìn, ẹnì kan á yọjú, á ní òun ní àrán, òun ní irin tí wọ́n fi ń ta á, òun ní òwú. Àwọn èèyàn tí n ò mọ̀ rí láyé mi! Ta ló sọ fún wọn? Ìwọ kọ́, ìwọ ò mọ̀. Zamira búra pé òun kọ́, ó ní fóònù fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. Fóònù tí mo fi owó ara mi rà! Mo ti fi aṣọ wé e, mo bò ó mọ́ inú ìyẹ̀fun.

À bá kàn fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi Batma. Wọ́n já wọlé lánàá, wọ́n rí mi nídìí ẹ̀rọ, wọ́n figbe ta. Wọ́n ní ṣé orí mi ti dàrú ni, ta ni ò mọ̀ pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tí ọmọ kún ilé rẹ̀, ló ń fọwọ́ kan aṣọ ìkélé ìyàwó, kí oríire rẹ̀ lè ran ọmọ náà. Wọ́n ní ọwọ́ tèmi tí ìyàwó mi kú mọ́ lójú, òfò ló máa rán mọ́ ọn. Wọ́n ní bí Jumagül, ìyá ọkọ rẹ, bá fi lè gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó máa dá ìgbéyàwó náà dúró, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí.

Ṣé o wá rí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn? Bí àwọn oníkọ́tìnnì tí n ò mọ̀ rí bá ti gbọ́, ṣé Jumagül tó wà ní Bishkek ni ò ní gbọ́? Òun náà ní fóònù. Ó lè ti gbọ́. Ṣé ojú rẹ̀ ti yí padà sí ọ? Ulan àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń pè ọ́? Bí ọkọ bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí tèmi, Nurzat, n ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí.

Mo mú abẹ pé kí n tú u. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lé mi lórí, wọ́n ní tú u, tú u, kí lò ń wò. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo wá sọ ohun tí n ò sọ fún wọn rí. Mo ní èmi àti Seyilkan jà lórí ẹṣin, a jà lórí ilẹ̀, a jà lórí àwọn ẹ̀gbọ́n mi pàápàá, àmọ́ kò sí alẹ́ kan tí a sùn láìbára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń di irun rẹ̀. Ó ní òun gbádùn ilé òun, pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé òun ò gbádùn. Mo ní bí ìyẹn ò bá ń jẹ́ oríire, kí wọ́n bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó ran ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sílẹ̀. O mọ̀ wọ́n, o mọ̀ pé kì í ṣe ìṣe wọn. Ọkọ tiwọn náà ti kú, o mọ ìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n jókòó, wọ́n fa àrán lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ìlà tí mo rán wọ́ kọjá àfaradà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń rán an.

Ọwọ́ opó méjì ló wà lára rẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì kù. Lọ bá Jumagül, fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé bàbá rẹ ló rán an. Bí ó bá ní òun ò fẹ́, má bá a jà, ìyá ọkọ ni. Màá tú u, àwọn obìnrin á tún un rán, inú mi ò sì ní bàjẹ́. Irọ́ ni, inú mi á bàjẹ́, àmọ́ màá tú u.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òwú pupa àti òróró ẹ̀rọ, àti ṣòkòtò kan, nítorí èyí tí mo rán mọ́ àrán ò ṣeé wọ̀ lọ mọ́ṣáláṣí mọ́. Má fi sínú fóònù, ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa.

Kí Ọlọ́run fi ìdùnnú kún ilé rẹ. Kí o má rí ìjà àná nílé ọkọ, kí ọmọ má ṣe wọ́n ọ. Àmín. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lẹ̀rù ọwọ́ mi ń bà, má fi pamọ́ fún mi. Ìwọ lo máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ọmọ mi. Pẹ̀lú ẹ̀rù náà ni mo fi ń rán an.

Èmi ni bàbá rẹ,
Toktosun