Ọmọrogùn fún Ẹ́ńjìnnì Òjò Dídì

Ìrókò, nípasẹ̀ Mọ́níyà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1995.

Moyinolúwa, Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé ara rẹ le nínú òtútù yẹn? Ọlọ́run tó dá Dáníẹ́lì sí láàárín kìnnìún yóò dá ọ sí láàárín àwọn ará Ṣikágò. Ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti di ìyá àgbà, gbogbo ìjọ wa sì ń kí ọ.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ òjò dídì tí o kọ yẹn kò yé mi tó. O ní ó ń bọ́ sílẹ̀ títí yóò fi dí ọ̀nà tí mọ́tò onílé rẹ ń gbà wọlé, o sì ń fi ẹ́ńjìnnì kó o kúrò kí onílé lè bá ọ dín owó ilé kù. Inú Bíbélì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, níbi tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ wa yóò funfun bí òjò dídì. Mo bi Wòlíì Ìyàndá bóyá òun náà nì yẹn, wọ́n ní òun náà ni, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń kó o dànù. Mùjíbátù tó ń ta omi tútù ní gáréèjì ní kí n sọ fún ọ pé o ń fi oríire ṣòfò, pé kí o kó o sínú dúrọ́ọ̀mù kí o máa tà á. Bí kò bá sí òfin tó dè é, dán an wò.

O tún ní ẹ́ńjìnnì náà ń tu ú sí iwájú ilé aládùúgbò, ìyẹn sì ń bínú. Yí ẹnu rẹ̀ síbòmíràn, kí o sì lọ kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Bí òjò dídì bá ń há ẹ́ńjìnnì náà lọ́fun, fi òrí pa inú ọ̀fun rẹ̀, bí a ti ń ṣe páànù ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí ohun tútù má lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ó sì wúwo lẹ́nu mi. O ní irin kan wà tí o gbọ́dọ̀ dì mú kí ẹ́ńjìnnì tó yí, bí o bá fi í sílẹ̀ yóò dúró. Pé ọwọ́ ń dùn ọ́, ni o bá fi wáyà so ó mọ́lẹ̀ bí èmi bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Mo pa lẹ́tà dé nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Tú wáyà yẹn, Àṣàbí. Kí o tó ka ìyókù, lọ tú u.

Ṣáájú Kérésì, àwọn obìnrin ń ráhùn pé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wa ń falẹ̀. Mo yọ pákó tó bo ẹnu rẹ̀, mo la ẹnu náà fẹ̀ sí i. Wọ́n ní èmi ni ẹnjiníà Ìrókò, inú mi dùn, nítorí láti ìgbà tí ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti já mi jù sílẹ̀, kò sẹ́ni tó pe mí ní nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kan, ẹ̀gẹ́ há. Múyì, àbúrò ìyá rẹ, pa ẹ́ńjìnnì, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó ń yí i ṣì fà, agbára ṣì kù níkùn rẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ náà ṣe yọ báyìí, ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìka méjì. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ. Múyì kò bá mi jà, ó ní kádàrá ni. Àmọ́ bó bá ń jẹun, ó máa ń kẹ̀yìn sí mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe kádàrá ló yọ pákó.

Mo ti dá pákó padà. Àwọn obìnrin ní ẹnjiníà ti di ojo.

Ọmọ Ìyá Títíladé, aládùúgbò wa, ń bọ̀ ní Ṣikágò lọ́hùn-ún. Mo fi ọmọrogùn kan rán an, ó gùn ju apá rẹ lọ. Bí òjò dídì bá há, pa ẹ́ńjìnnì, ní sùúrù, kí o fi ọmọrogùn rọ́ ọ. Bí yóò bá jẹ nǹkan, kó jẹ igi. Òrí wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ní bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá béèrè, kó ní oúnjẹ ẹ́ńjìnnì ni.

O mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìtọrọ owó. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí Múyì, kó fi bẹ̀rẹ̀ òwò tí kò ní ni ín lára. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, ya fọ́tò. Má wọ ìbọ̀wọ́. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì síwájú, kí n lè ka ìka rẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jẹ ọwọ́ rẹ. Ohun tí o kọ́ lára mi tí kò dára, kí ó ṣìnà ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elijah Oyèkúnlé.