Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Dí Ihò Ìkòkò Lílì Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìnkùlé wa wà níbẹ̀. Omi tó dúró sínú gọ́tà níwájú géètì wà níbẹ̀, nítorí bí òjò mìíràn bá rọ̀, inú pálọ̀ ló ń bọ̀. Mo ń rò ó bóyá mo ti pa gáàsì. Mo dìde lọ wò ó, mo ti pa á. Mo dùbúlẹ̀, mo tún dìde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, lílì yín ni olórí gbogbo rẹ̀. Ṣadé, ọmọ mi tí ẹ pọ̀n dàgbà, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí a sin yín tán, tí àwọn àbúrò mi ń pín aṣọ àti àwo, ìkòkò amọ̀ tí lílì yín wà nínú rẹ̀ nìkan ni mo gbé. Orí itan mi ló wà nínú ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú títí dé ilé Ṣadé ní Abraham Adésànyà nílùú Èkó níbí. Mo sì ti ṣèlérí lẹ́bàá sàréè yín pé bí lílì náà bá bímọ, màá mú ọmọ rẹ̀ wá gbìn síbi orí yín. Láti ìgbà náà, kò sí àkọ́rọ̀ òjò tí kì í yọ òdòdó pupa, kí ewé rẹ̀ tó jáde rárá. Mo ń ṣọ́ ọ. Mo ń dúró de ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni wọ́n gbé Ṣadé ga lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ fẹ́ wá bá a yọ̀. Ó ní ìkòkò dúdú ẹlẹ́nu fífọ́ kò bá pálọ̀ òun mu. Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹ ojú mi wò nílé ìwòsàn, ó ra ìkòkò funfun ràbàtà kan wá láti Lẹ́kkí Phase 1. Kí omi má baà ba táìlì rẹ̀ jẹ́, ó ní kí ẹni tó ń lẹ táìlì nílé kejì bá òun fi sìmẹ́ńtì dí ihò ìdí ìkòkò náà. Màámi, wọ́n dí ihò ìdí ìkòkò! Ta ló ń bọ́ ènìyàn lóúnjẹ, tó tún ń dí i nídìí?

Òdòdó ṣì wà lórí lílì náà nígbà tí wọ́n fà á tu. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ tọrùntọrùn. Ìkòkò yín, wọ́n ti kó o fún àwọn akólẹ̀.

Mo bú Ṣadé, ó sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

“Dádì, òdòdó lásán ni. Màá ra mẹ́wàá fún yín lọ́la.”

“Ṣé wọ́n ń ta ìyá mi náà ní Lẹ́kkí?”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ilé tuntun ni mo rà fún un o, mi ò jù ú sí ààtàn.”

Ilé tuntun! Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa pé a kì í kó ẹrù aboyún tó ń rọbí síta? Ẹ máa ń jẹ́ kó tan òdòdó tán, kó jẹ ewé rẹ̀ tẹ́rùn, kí ewé náà sì rọ fúnra rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ò ní fún un lómi mọ́. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀, ìgbà náà lẹ máa ń gbá ìkòkò nídìí pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, tí orí rẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ó gé gbòǹgbò tó bá ti jẹrà, ẹ ó fi eérú pa ojú ọgbẹ́, ẹ ó sì tẹ́ ẹ síbi òjìji kó gbẹ. Ìkòkò tuntun kì í fi ju ìbú ìka méjì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ọrùn rẹ̀ kì í wọ ilẹ̀. Ẹ ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ àtijọ́ sí i, kó má baà ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀, ẹ ó sì kí i kú ilé tuntun. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kí ló dé tí n kò bi yín pé, bó bá jẹrà ńkọ́?

Ó jẹrà, Màámi. Àràárọ̀ ni Ṣadé ń bomi sí i, ó rò pé ìtọ́jú nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi bó. Lánàá, mo gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo dojú ìkòkò funfun náà dé sórí táìlì. Omi dúdú ṣàn dé abẹ́ àga. Ṣadé sáré jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó la ẹnu láti pariwo, òórùn náà sì pa á lẹ́nu mọ́.

Orí ńlá yẹn ti jẹrà tán. Mo fọwọ́ kàn án, ó wọlé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú gbogbo ìdọ̀tí yẹn, ọmọ méjì lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n le koko.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní eérú. Eérú wo? Gáàsì là ń lò nílé yìí! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Ṣadé jáde. Nígbà tó padà, eérú kún ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀ ti di funfun.

“Ẹ rọra, Dádì, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá oníbọ̀lì ẹnu géètì ní ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ fi fọ eyín.”

N kò rẹ́rìn-ín. Ó di àwọn ọmọ náà mú, mo fi eérú pa wọ́n lára, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ọrùn wọn ló yẹ kó wà níta. Inú mi kò tíì rọ̀ o. Ó ń bí mi sí Ṣadé, ó ń bí mi sí táìlì, ó ń bí mi sí ẹ̀yin náà tí ẹ lọ láì sọ gbogbo rẹ̀ tán fún mi. Ṣé wọn ò kéré jù láti wọ ilẹ̀? Ṣé òjò kò ní pọ̀ jù fún wọn? Ṣé ẹ rí wọn níbi tí ẹ wà?

Orí bébà ni wọ́n wà báyìí létí fèrèsé, wọ́n ń gbẹ. N kò ní gbìn wọ́n sínú ìkòkò kankan nílé yìí. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń kó wọn bọ̀. Mò ń bẹ̀rù márosẹ̀, mò ń bẹ̀rù ẹ̀kún omi ní Ajah, mò ń bẹ̀rù kí táyà má lọ fọ́. Ṣadé ní òun ló máa wà mí, ó ti gbàyè níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ló kọ́kọ́ mú, mo kọ̀, nítorí ẹ kì í jẹ́ ká dáwọ́ lé nǹkan lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ọmọ yín, tí inú ṣì ń bí, tí kò sì fẹ́ràn ẹnìkan tó yín rí. Ẹ máa retí wa. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí la ó gbéra.