Ọjọ́ Tí Igba Ebè Pé

Ilé Olóògbé Japhet,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Òsì,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 1981.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ilésanmí ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Iṣẹ́ báǹkì ńkọ́, ṣé àwọn ọ̀gá yín kì í jágbe mọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò ní Òsì tó mú ọ dé Kàdúná kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ìtìjú. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ọwọ́ rẹ ò ní ṣìṣe, owó olówó tí ò ń kà níbẹ̀ kò ní dín mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì le tó bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀bí ọmọ rẹ wà láàyè. Mo tètè kọ ìyẹn síbí kí àyà rẹ má bàa já nígbà tí o bá kà á dé ibi tó kù, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó di etí ìró mi mú. Wàá rí i pé kì í ṣe ọwọ́ tíṣà nìyí. Ọwọ́ ara mi ni, ọwọ́ tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ méjì ni mo sì ti fi ń kọ ọ́. Tíṣà tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà sí ọ, n kò fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ìyàwó rẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn Kérésìmesì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bẹ̀llò awakọ̀, ọkọ Sikirat tí ilé wọn kángun sí tiwa, ló bá mi gbà á bọ̀ láti Ìlọrin. O ní ìwé tí wọ́n fún gbogbo òṣìṣẹ́ báǹkì yín ni, kí ọkàn èèyàn lè máa dúró lójú kan, pé o fi Yorùbá tún un kọ fún mi nítorí mo sọ fún ọ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ọkàn mi ò gbélé mọ́. Òótọ́ ni mo sọ. Mo ti jó ìkòkò mẹ́ta. Mo bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ jókòó síbẹ̀ títí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ fi wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú. Mo dúpẹ́ pé o rò mí. Bá mi kí ọ̀gá báǹkì náà, sọ fún un pé obìnrin kan ní Òsì kí i, pé n kò rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí, tó ń ronú nípa ọkàn opó tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sì tẹ̀ lé e, ọmọ mi, má rò pé mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé ní kí n gbé ohun tó ń pariwo jìnnà sí mi. Mo gbé àkùkọ fún Sikirat kó bá mi sìn ín, mo sì dá aago ògiri bàbá rẹ dúró torí kò yéé ké kọ̀-kọ̀-kọ̀. Láti ìgbà náà n kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti pẹ́ dé ibi àdúrà òwúrọ̀. Ìwé ní bí tẹlifóònù bá dún nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, kí n má gbé e. Mo wá gbogbo inú ilé, n kò rí tẹlifóònù kankan, ṣùgbọ́n mo pe Àbẹ̀bí, mo kìlọ̀ fún un pé bó bá dún, kó má gbé e. Ó ní òun ti gbọ́. Ìwé ní kí n ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí n sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún sinmi. Aago ti dúró, nítorí náà orin ni mo ń kọ láti fi mọ ìgbà, orin márùn-ún fún iṣẹ́, ẹyọ kan fún ìsinmi. Àfi bí ìsinmi ṣe bọ́ sí àárín iyán gígún. Mo fi ọmọ odó lélẹ̀, mo jókòó, mo kọ orin mi parí. Ìgbà tí mo fi máa padà sí i, iyán ti tutù, ó ti ní kókó nínú, ọmọ rẹ ń jẹ ẹ́ ó ń tu ú, ó ní Màmá, òkúta wà nínú ẹ̀. Èmi Ìbídùnní, tí bàbá rẹ ń fi iyán mi yangàn káàkiri Òsì!

Ìwé tún ní kí n máa kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sílẹ̀ láàárọ̀, kí n sì máa fa ìlà lé èyí tí mo bá ti ṣe. Mo kọ ọ́ pé kí n kí Modúpẹ́, torí ara rẹ̀ ò yá. Mo ti fa ìlà lé e lórí kí n tó kúrò nílé, kí n má bàa gbàgbé láti fà á. Ìgbà tí mo wá pàdé rẹ̀ lọ́nà odò, mo rántí pé mo ti fa ìlà lé Modúpẹ́, mo bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìsọ̀rọ̀. Títí di òní kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń lọ pọn omi. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé ìwé báǹkì ló fà á.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, o ya yàrá kéékèèké síbẹ̀, o ní lójoojúmọ́ kí n máa kọ iye ìgbà tí ọkàn mi kúrò lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mù báǹkì kì í ṣe ohun eré, n kò purọ́ sí i. Ọjọ́ kìíní, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ọjọ́ kejì, kíkà náà dà rú mọ́ mi lójú. Ó wù mí kí n rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí n ó kọ òdo, kí báǹkì lè mọ̀ pé ìyá Bọ́sẹ̀dé kì í ṣe aláìgbọ́n.

Lọ́jọ́ Túsìdé tó kọjá, èmi àti Àbẹ̀bí lọ sí oko ọ̀nà Koro. Àwọn ọkùnrin ti bá mi kọ ebè, iṣu ti wà nínú ẹ̀, ó ku kí n fi koríko bò wọ́n lórí kí oòrùn má bàa jó wọn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, n kò tí ì ka igba ebè kan kó pé. Òun ló máa ń kà á sókè, èmi a máa bò wọ́n lọ. Báyìí, bí mo bá ti dé nǹkan bí ọgọ́ta, ohùn rẹ̀ á wá sí mi létí, n ó jókòó sílẹ̀, n ó sunkún, iye a sì lọ.

Mo fi Àbẹ̀bí sí ìdí máńgòrò, mo tẹ́ aṣọ fún un, mo bu ẹ̀pà fún un, mo ní kó jókòó síbẹ̀, kó má dìde títí n ó fi parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé ní ohun kan ṣoṣo ni kí èèyàn máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí èrò mìíràn bá fẹ́ wọlé, kí n tì í jáde. Ohùn bàbá rẹ dé ní ọgọ́ta, mo tì í jáde, Ọlọ́run dárí jì mí. Ìwọ náà wá, mo tì ọ́ jáde. Òùngbẹ wá, mo tì í jáde. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún, ó kọjá àádọ́jọ, ó di igba. Igba gan-an, Bọ́sẹ̀dé, kò lé, kò dín! Inú mi dùn débi pé mo pariwo nínú oko. Mo gbé agbọ̀n mi rù, mo sì ń wí i lẹ́nu lọ, igba, igba, igba, kó má bàa bọ́ lọ́kàn mi kí n tó délé.

Nígbà tí mo dé etí odò, ohun kan fẹ́ wọ ọkàn mi. Mo rántí dáadáa. Mo dúró pẹ̀lú agbọ̀n lórí, n kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ wọlé gan-an. Mo tì í jáde bí ìwé ṣe wí, mo sì sọdá odò.

Mo délé, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ òdo sínú yàrá ọjọ́ Túsìdé. Lóòótọ́ ni, ọkàn mi ò kúrò lórí iṣẹ́ rárá, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wò ó, ó wù mí lójú. Mo dáná, mo se ọbẹ̀, mo te ẹ̀bà, mo bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, mo wá pe ọmọ pé kó wá jẹun. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ni ẹnu mi dúró.

N kò mọ bí mo ṣe jáde nílé. Sikirat ní òun rí mi tí mò ń sáré láìwé gèlè, láìwọ bàtà, òun béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ń dá òun lóhùn pé igba, igba. Ó bá sáré tẹ̀ lé mi. Oòrùn ti ń wọ̀. Mò ń ké pe Ọlọ́run, mò ń ké pe bàbá rẹ, mò ń ro ejò, mò ń ro odò, mò ń ro agbo màlúù àwọn Fúlàní tó máa ń gba oko yẹn kọjá lọ mumi. Yéè, Bọ́sẹ̀dé, kí ọ̀tá mi má rìn ín.

Ó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí aṣọ náà, ní ibi tí mo fi í sí gẹ́lẹ́. Ó ti tọ̀ sára. Èèrà ti gùn ún lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n ti jẹ ẹ́ kó wú, ó ń gbọ̀n wọ́n dànù ṣùgbọ́n kò dìde, torí mo ní kó má dìde. Kò sunkún mọ́, omijé ti gbẹ sí i lójú. Nígbà tó rí mi, ó béèrè pé Màmá, ṣé ẹ ti parí.

Mo wó lulẹ̀. Sikirat ló gbé e pọ̀n wálé, òun ló fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bẹ̀llò. Ṣùgbọ́n bí ó bá pa á mọ́ fún mi, ṣé èmi náà á pa á mọ́ fún ìwọ tí o bí i ni?

Mo ti rò ó síwájú, mo ti rò ó sẹ́yìn. Kí ìwé yẹn tó dé, ibi ogún ni ọkàn mi máa ń wà lẹ́ẹ̀kan náà. N ó máa lọ ata, n ó máa ro ewúrẹ́, n ó máa rò ọ́ ní Kàdúná, n ó máa bá bàbá rẹ jà nínú ara mi pé ó fi mí sílẹ̀ lọ. Mo pe ìyẹn ní àìsàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni Àbẹ̀bí wà láàárín ogún náà. Ìgbà tí mo wá kó gbogbo wọn síta, mo kó òun náà mọ́ wọn.

Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpòòwé yìí kí o bá mi dá a padà fún báǹkì. N kò pa òdo rẹ̀ rẹ́, n kò mọ̀ bóyá òfin wọn gbà á. Sọ fún wọn pé kì í ṣe òdo tó dára, kí wọ́n má kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó yege.

Má sì bá ọ̀gá rẹ jà nítorí mi. Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Kí ìwé tó dé rárá, lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, odidi òwúrọ̀ kan ni mo fi wá ọmọbìnrin kékeré kan káàkiri ilé, Àbẹ̀bí sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn láti yàrá dé yàrá. Ìwọ ni mò ń wá. Mò ń pè ọ́ pé kí o wá wẹ̀, kí o má pẹ́ dé iléèwé. Àbẹ̀bí ló fà mí láṣọ, tó ní Màmá, èmi nìyí. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló bà mí tí mo fi rọ̀ mọ́ ìwé báǹkì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù náà ṣì ń bà mí.

Láti ọjọ́ Túsìdé, ọmọ rẹ kì í fi etí ìró mi sílẹ̀. A dé odò, ó dì í mú. A dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dì í mú. Bí mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè mí kí n máa dáhùn. Bí mo bá gbé ìkòkò kaná, á jókòó tì í, bó bá ti hó, á ní Màmá, ọbẹ̀. Bí a bá ń jáde, á ní Màmá, kọ́kọ́rọ́. Kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ìkòkò ò jó mọ́ nílé yìí, inú mi ò sì dùn sí i.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ohun tí n kò mọ̀ pé ẹnu mi á sọ láéláé. Wá mú ọmọ rẹ. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ọ́ kí o tó gbé e wá, tí mo ní ilé ti ṣófo jù. Kó ṣófo. Má rán Bẹ̀llò, má rán ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá, kí n rí ojú rẹ nígbà tí mo ṣì mọ̀ ọ́n.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọ mọ́tò wá. Bó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ju ti àtijọ́ lọ. Èmi náà ń fẹ́ kẹrosíìnì díẹ̀ àti pẹ́ńsù kan, èyí tí mò ń lò ti kúrú tán.

Olúwa á máa rántí rẹ, lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé. Á rántí Ilésanmí, á rántí Àbẹ̀bí. Ibi tí ojú yín kò bá tó, ojú rẹ̀ á bá yín débẹ̀. Ìyà ò ní jẹ yín ní ìlú onílùú, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín tọ́ ọmọ yín dàgbà. Àmín, lórúkọ Jésù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ó máa ké, ó sì máa bi ọ́ pé ta ni yóò máa ṣọ́ Màmá. Má dá a lóhùn. Gbé e wọ mọ́tò, kí ẹ máa lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùnní.