Àwọ̀ Òjìji Lójú Ìyá Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú oko ẹ̀gẹ́, ẹ sì kú ìdúró de òjò tí Bùọ̀dá Sámúẹ́lì ní kò tètè rọ̀ fún iṣu ọdún yìí. Mo kí Bùọ̀dá fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó wọn. Mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kí Bàbá Kékeré ní Ìsánlú-Ìsin. Ara mi le. Ara Délé ọkọ mi náà le. Ilé iṣẹ́ ike tó wà ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì tíì dá ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti máa gbọ́ ohun tó yẹ kí n sọ fún yín nínú yàrá. Bùọ̀dá ló kọ̀wé sí mi pé àwọn èèyàn máa ń bi yín léèrè lẹ́yìn ìsìn pé iṣẹ́ wo ni Oyèbísí ń ṣe ní Jàpáànù, ẹ̀yin á sì fèsì pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí ẹ jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ rọra bi àwọn pé ṣé òótọ́ ni pé àwòrán ọmọdé ni mò ń kùn. Òótọ́ ni, Màmá. Mo mọ̀ pé àwọn òbí mìíràn wà ní agbègbè wa tí ọmọ wọn ń ya àwòrán sẹ́yìn ìwé iléèwé, tí wọ́n sì ń torí ẹ̀ nà án. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú ìwé ìròyìn pé kó tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Ẹ rántí tẹlifísàn tí Bàbá gbé wálé nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́. Títí nǹkan fi le, tí a fi tà á, ẹ̀yin lẹ máa ń lé mi kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn àwòrán tó ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún ni mò ń wò. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ènìyàn ló ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíràn sì ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ inú àwòrán tó gbé ọwọ́ sókè, kó tó tún sọ ọ́ kalẹ̀, àwòrán rẹpẹtẹ ló ti kọjá lójú yín. Èmi wà lára àwọn tó ń kùn ún báyìí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn tó mọ àwòrán yà á fa ìlà sórí ìwé, ẹ̀rọ kan á sì gbé ìlà náà wọnú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí n wò ó bóyá àlàfo wà lára ìlà. Bí ìlà etí ò bá kan ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọ̀ tí mo bá dà sójú á jò jáde, á kún gbogbo ojú ọ̀run, bí omi tó rí ihò lára garawa. Bí mo bá ti dí àlàfo tán, màá da àwọ̀ kan sí ojú, òmíràn sí irun, òmíràn sí aṣọ. Gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ojú náà ò tíì ní ẹran nígbà yẹn. Òjìji ló ń fún un lẹ́ran. A ó bi ara wa pé níbo ni oòrùn wà, a ó sì fi àwọ̀ tó ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò dé. A kì í pò wọ́n mọ́ra. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá parí sí ni òjìji ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé abẹ ló là wọ́n. Ẹ rántí àwọn ère òkúta nínú ilé ère tiwa ní Èsìẹ́, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé kan wọlé: apá kan ojú ère á mọ́, apá kejì á ṣú, èèyàn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìka tọ ààlà wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Níkẹyìn, a ó fi ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan sí imú àti sínú ẹyinjú, àwòrán náà á sì máa wò yín.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ń jẹ́ Noriko. Àwọn ni ọ̀gá gbogbo àwa tí à ń kùn. Ẹ ó fẹ́ràn wọn, Màmá. Ẹgbẹ́ yín ni wọ́n, irun wọn ti funfun, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọ̀dà ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sẹ́yìn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó mọ́ bíi gíláàsì, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kó ìgò ọ̀dà lọ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Noriko ní tiwọn jókòó, wọ́n sì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ọmọ iléèwé, wọn ò tijú láti bi ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ léèrè. Àwọn ló kọ́ mi pé òjìji kì í ṣe àwọ̀ àkọ́kọ́ tí a bu dúdú sí. Wọ́n ní òjìji lára aṣọ funfun lè jọ àwọ̀ ojú ọ̀run, tí ara ewé sì lè jọ àwọ̀ omi jíjìn. Ohun tó bá wà láyìíká nǹkan ló máa ń wọ inú òjìji rẹ̀.

Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tiwa o. Yìnyín máa ń bo òrùlé bí òwú tó là, èémí ẹni á sì máa rú bí èéfín. Ṣùgbọ́n òtútù tún sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni àwọn èrò máa ń jókòó sí gbẹ̀yìn. Wọn ò bú mi, wọn ò lé mi, wọ́n kàn máa ń dúró. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Noriko jọ wọkọ̀. Wọ́n jókòó tì mí, iṣẹ́ ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì sùn lọ sí èjìká mi títí a fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mi ò mira. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n gbé ìtàn àwọn apẹja kan fún wa kùn. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí abúlé, ọmọbìnrin ará Áfíríkà kan sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó yà á yà á dáadáa; ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí wọ́n ti yàn fún òjìji ara rẹ̀ jẹ́ dúdú tó dà bí eérú. Bí mo ṣe ń kùn ún, ńṣe ló ń rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó orí jáde nínú ààrò. Gbogbo àwọn ọmọ apẹja tó yí i ká ń tàn, òun nìkan ló dọ̀tí láàárín wọn.

Mo sọ fún Délé nílé. Ó ní ọ̀gá àgbà tó ni ìtàn náà ti fọwọ́ sí àwọ̀ yẹn, pé ilé iṣẹ́ ò tíì gbà mí tán, pé ìwé ìgbélùú wa so mọ́ iṣẹ́ yìí, kí n kùn ún kí n dákẹ́. Mi ò bá a jà, nítorí òótọ́ ló sọ. Bùọ̀dá ò tíì rí owó oṣù gbà ní iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ni, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ilé ń wò kì í déédéé tọ́ ọ̀gá níjà. Mo kùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kò lọ mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ bá Noriko nídìí tábìlì wọn. Èdè wọn kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu tó bí mo ṣe fẹ́. Mo kàn ní, “Ojú ọmọ yìí kò dáa.” Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é. Mo wá ọ̀rọ̀ títí, mi ò rí i, ni mo bá mú fọ́tò yín jáde nínú àpò mi, èyí tí Bùọ̀dá yà lóko ní ọ̀sán gangan, tí ẹ gbé agbọ̀n iṣu lérí, tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Òjìji agbọ̀n náà bo iwájú orí yín dé imú.

Noriko gba fọ́tò náà, wọ́n gbé e lọ sídìí fèrèsé, wọ́n sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn. Ìgbà yẹn ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú yín bí oníṣẹ́. Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, mi ò sì mọ̀ pé ibi tó ṣú jù lójú yín kò dúdú. Osùn ló wà níbẹ̀, osùn tí wọ́n fi àró díẹ̀ sí. Ibi tí oòrùn sì ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kò funfun. Ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀, àwọ̀ sánmà gan-an, lórí òróró ara yín.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọ̀ náà. Èyí tí a kọ́kọ́ dán wò pupa jù, ọmọ náà dà bí ẹni tí wọ́n da epo lé lórí. A fi àró kún un, ó wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí a ṣe ń bù ú tí à ń yọ ọ́ nìyẹn, tí àwọn yòókù fi dìde lọ jẹun tí wọ́n fi padà dé. Nígbà tó bọ́ sí i, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. A fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ sánmà bíńtín sí iwájú orí rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì yè.

Ọ̀gá àgbà wá wò ó, kò gbà. Ó ní lóòótọ́, bí a bá ti yí àwọ̀ kan padà nínú kọ̀ǹpútà, kò ṣòro láti yí i padà nínú àwòrán tó kù lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti jáde kúrò lọ́wọ́ wa, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Noriko tẹríba fún un, wọ́n sì sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Èmi á rí i.”

Màmá, wọn kì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ báyẹn níbí. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, bóyá lọ́wọ́ tiwọn náà. Ọ̀gá àgbà wo ojú ọmọ náà, ó wo ojú mi, ó ní kí a ṣe èyí tó kù, kí a má sì jẹ́ kó pẹ́. Èyí tó ti jáde kò ṣe é dá padà mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìtàn náà lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé ojú eérú ni ọmọbìnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń pẹ́ láàárín àwọn apẹja náà sí i, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ wá gbà mí tán.

Àwọ̀ yòówù tí a bá ṣẹ̀dá gbọ́dọ̀ ní orúkọ, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Noriko bi mí pé kí lorúkọ obìnrin inú fọ́tò. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nílẹ̀ wa, ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ní kí ni mo wá ń pè yín. Mo ní, “Màmá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibí náà ń pe ìyá wọn nìyẹn. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀: Màmá ni àwọ̀ ojú, Òjìji Màmá ni èkejì. Láàárọ̀ òní, obìnrin kan tí kò tíì bá ènìyàn dúdú mìíràn sọ̀rọ̀ rí yàtọ̀ sí mi, nahùn láti ìdí tábìlì rẹ̀ pé kí n jọ̀ọ́, kí n fún òun ní Màmá. Mo fún un.

Kí Ọlọ́run tó dá àwọ̀ bá mi tọ́jú yín. Ẹ óò jẹ iṣu titun ọdún yìí, ẹ óò jẹ ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn, eegun yín kò ní dùn yín, ẹ kò sì ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé, ẹ kí àwọn ará Òmù-Àrán tó bá béèrè mi. Délé ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín lórúkọ òun.

Èmi ni, Oyèbísí, ọmọ yín.